Òróró Ẹsẹ̀

Ó ti rẹ̀ mí, ká má parọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mò ń ṣe ní Pickering lókè òkun níbí kọ́ ló dá mi lágara, ẹsẹ̀ mi ni. Bí mo bá ti fìdí lé àga nínú ọkọ̀ ojú irin, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí nínú eegun bí ìjàlọ, àfi kí n dìde. Ìdúró ni mo fi ń délé. Bí mo bá ń kírun, n kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ títí n ó fi sálámà. Oorun ńkọ́? Mo ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

Dókítà fún mi ní oògùn títí, wọn ò ràn án. Nígbà tó yá, ó kọ òróró igbó fún mi, kí n máa kán an sábẹ́ ahọ́n. Ó ní òun ò ní tàn mí, ìwádìí lórí ẹ̀ kò tíì tó, àwọn kan ń rí ìtura, àwọn mìíràn ò rí nǹkan kan. Èmi sun wákàtí mẹ́rin gbáko. Mo sunkún nígbà tí mo jí.

Àfi bí màmá mi ṣe dé láti Ìbàdàn. Ta ló fẹ́ pe igbó létí wọn? Nígbà tí wọ́n rí ìgò náà, mo ní òróró ẹsẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo tòògbé lórí àga. Ọwọ́ màmá mi ló jí mi. Wọ́n ti da gbogbo ìgò náà sí mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ń wọ́ ọ, wọ́n ń ṣàdúà. Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí.

“Màámi, igbó ni,” mo ní. “Dókítà ló kọ ọ́ fún mi kí n lè máa sùn.”

Mò ń retí ariwo. Wọ́n kàn bi mí bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń ṣe mí gan-an. Mo ṣàlàyé. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mo ní àbúrò ọkùnrin kan tí o kò mọ̀,” wọ́n ní. “Kì í lè jókòó jẹun. Á ní nǹkan ń rìn nínú ẹsẹ̀ òun, àfi tóun bá fa igbó lòun tó lè sùn. A ní ó ti ya wèrè. Èmi gan-an ni mo tìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta.”

Mo bi wọ́n pé ibo ló wà báyìí. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.