Ènìyàn Dára Títí Di Ọjọ́ Ìdìbò

Ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ Alákàbà kọ́kọ́ wọlé ìbò ni olóògbé Baba Oníkọ́kọ́rọ́ tú àgádágodo ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ sọnù. Ojú gbogbo wa ní àdúgbò ló ṣe. Alákàbà paraku ni Baba, ayọ̀ sì ti gùn ún.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, figbe ta. "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o? Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ mà lẹ fi ń jẹun!"

"Ayé ti kúrò níbẹ̀," ni Baba wí. "Ta ló dìbò fún wa? Ṣebí ènìyàn ni. Ṣé ènìyàn burúkú á máa dìbò fún ẹni rere ni? Ènìyàn dára, ìyàwó mi. Bí wọ́n ṣe dá wa nìyẹn."

Nígbà tí tọkọtaya náà fi máa ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, olè ti jí ilẹ̀kùn náà lọ. Férémù nìkan ló fi sílẹ̀. Gbogbo wa rọ́ débẹ̀, a ò mọ̀ bóyá ká kọ́kọ́ bá wọn kẹ́dùn ni tàbí ká kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Baba káwọ́ sẹ́yìn, ó wo ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀ títí.

"Ẹni yìí kì í ṣe olè," ó ní. "Ilẹ̀kùn ni kò ní. Ẹ ò rí i pé kò fọwọ́ kan àga? Ọmọlúàbí ni."

Káfíńtà, àbúrò Ìyá Ìbejì, ló wá ṣe ilẹ̀kùn mìíràn fún wọn. Ògiri kan náà ni ṣọ́ọ̀bù òun àti ti Baba jọ fara tì. Ṣùgbọ́n Ẹgbẹ́ Oníṣíbí ni Káfíńtà ń ṣe ní tirẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá, ènìyàn burú," ó ń sọ bó ṣe ń kan ìṣó. "Látinú oyún ni. Ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ ọwọ́ kẹ́ ẹ wò ó, bí kò bá ní fẹ́ ya yín lójú."

"Ọmọ ọwọ́ tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò rí rí ńkọ́?" ni Baba bi í. "Ta ló kọ́ ọ?"

Ìbò mìíràn dé, Oníṣíbí wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Baba kó àgádágodo bo ilẹ̀kùn bí ẹni lẹ àmì ẹ̀yẹ mọ́ àyà sójà. Oníbàárà kan wá ra ẹyọ kan, Baba ní kó ra méjì.

"Èmi àti ìyá mi nìkan là ń gbé ilé náà, sà."

"Ìyá ẹ dìbò àbí kò dì?"

"Wọ́n dìbò, sà."

"Ra méjì."

Ní ẹ̀yìn ògiri, Káfíńtà ti ń wàásù pé ènìyàn dára. Ọmọ ọwọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú iyàn Baba ti di ti Káfíńtà, èyí tó ń ya ni lójú nínú iyàn Káfíńtà sì ti bọ́ sọ́wọ́ Baba. Àwọn méjèèjì ò tilẹ̀ fura. Ìyá Ìbejì ló bi wọ́n léèrè bóyá ọmọ yẹn ò tíì dàgbà ni.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ kan, Baba sọ lójú èrò pé olè ni gbogbo ẹni tó dìbò fún Oníṣíbí.

"Bọ̀dá, èmi náà dìbò fún wọn o," ni Káfíńtà wí.

"Mo mọ̀," ni Baba fèsì.

Káfíńtà kó pákó rẹ̀ lọ sí ìparí àdúgbò. Kò yà sílé wọn mọ́. Ìyá Ìbejì sunkún títí ojú rẹ̀ wú. "Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní láyé," ó ní. "Ìjọba tí kò mọ̀ yín rí lẹ wá torí ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi?" Àánú rẹ̀ ṣe Baba, àmọ́ ó lágídí ju ìbaaka lọ.

Ìgbà yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan tí ó ní olè kankan ò lè ṣí láyé. Ó kan pákó mọ́ gbogbo fèrèsé, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ilẹ̀kùn sì tì fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i pé ìta nìkan lòun dá ihò kọ́kọ́rọ́ sí. Ẹni tó máa wọlé nìkan ló rò, kò rántí ẹni tó máa jáde. Ọmọ kọ́kọ́rọ́ náà sì rèé lápò rẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé Káfíńtà ti ṣe ilẹ̀kùn yẹn débi pé èèrà ò lè gba abẹ́ rẹ̀, ká má tíì sọ ọmọ kọ́kọ́rọ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, tó wà níta, sáré lọ pe àbúrò rẹ̀. Káfíńtà dé, ó fìdí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ṣé ènìyàn dára àbí kò dára?"

"Ènìyàn burú!" ni ohùn kan dáhùn látinú ilé.

"Ó dàbọ̀ o."

"Dúró! Kì í ṣe gbogbo wọn."

"Èmi ńkọ́?"

"O ò dára," ni Baba wí, "ṣùgbọ́n o wúlò."

"Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn yìí ṣí," ni Ìyá Ìbejì pariwo, "kí n lè na ẹ̀yin méjèèjì pọ̀!"

Ẹ̀rín gba ẹnu Káfíńtà. Ó tú irin tó gbé ilẹ̀kùn ró, ó gbé ilẹ̀kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Baba jáde, òógùn bò ó. Ó di àbúrò ìyàwó rẹ̀ mú léjìká. "Má bínú," ó ní. "Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí ọ, ó sì ti ń dùn mí tipẹ́." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, pákó Káfíńtà ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, iyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Baba kú kí ìbò tó tẹ̀ lé e tó dé. Ó dùn wá gan-an. Nígbà tí ìbò wá dé, Alákàbà rẹ̀ ló wọlé, kò sì sí níbẹ̀ láti yọ̀. A lọ bá Káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ó ti kàn án láti sọ pé ènìyàn burú.

"Àbúrò mi, ìbò ti parí o," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ènìyàn ti tún burú nìyẹn?"

Káfíńtà gbé ìfági sílẹ̀. Ó wo ṣọ́ọ̀bù kejì tó wà ní títì.

"Ta ni n ó bá jiyàn? Òun ló kàn láti sọ pé ènìyàn dára. Kò sì sí ńlé." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́. Ènìyàn dára o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin náà ṣáà fẹ́ ọ̀kan."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kó tó nu omijé ojú rẹ̀ tán.