Àmín Tí Mò Ń Ṣe Lẹ́nu Iṣẹ́

Yàrá fáìlì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Okota nígbà tí iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn tí mò ń ṣe yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ náà, mo gbé fáìlì obìnrin kan lọ sí yàrá Àǹtí Mojí, ẹni tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. Kò yẹ kí n pẹ́ níbẹ̀. Mo ń wá ibi tí màá gbé fáìlì sí ni. Àǹtí Mojí bi obìnrin náà ní ìbéèrè kan, ó sì panu mọ́. Obìnrin náà kò dáhùn. Mo rò pé Àǹtí Mojí ti gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, mo sì ń múra láti ràn án lọ́wọ́. Kí n tó lanu, obìnrin náà ní, "Ọkọ mi kọ́ ni mò ń bínú sí. Màmá mi ni."

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé fáìlì obìnrin yẹn kiri. Kò síbi tí wọ́n kọ màmá rẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà, fáìlì kò dùn mọ́ mi mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé àlòkù nípa ọkàn ẹ̀dá ní Bọ́ládé, Òṣòdì, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó wọn pọ̀ mọ́ ìwé oúnjẹ sísè.

"Màdáàmù, ṣé ẹ ní ẹni tí ara rẹ̀ ò yá nílé ni?"

Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó bá mi kẹ́dùn síbẹ̀.

Nígbà tó yá, mo lọ síléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà, mo gbàwé ẹ̀rí, Àǹtí Mojí sì gbà mí sọ́dọ̀. Ó kọ́ mi pé a kì í gbé àga méjèèjì kojú ara wọn. A máa ń gbé wọn ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó wá lè wo fèrèsé láìdàbí ẹni pé ó ń sá fún wa. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni aago máa ń wà, kí n lè rí àkókò láìyí ọrùn. Tíṣù gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ṣùgbọ́n a kì í nà án sí èèyàn, torí bí o bá nà án, ohun tó máa gbọ́ ni pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni mi ò fẹ́ràn.

"Ẹni tó bá ń jókòó sórí àga tiwa yìí," Àǹtí Mojí wí, "gbọ́dọ̀ máa lọ jókòó sórí àga kejì níbòmíràn, kí ẹlòmíràn gbọ́ tirẹ̀."

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, mà."

"Mo gbọ́. Lọ sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀."

Mi ò lọ. Mo ní àwáwí tó pọ̀, ó sì gbọ́ gbogbo wọn.

Bó ṣe wà nìyẹn tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Fọlákẹ́ fi mú bàbá rẹ̀ wá. Bàbá Fọlákẹ́ ni màá máa pè é. Ó gbà kí n kọ ìtàn yìí, ó ní kí n yí orúkọ òun padà, ṣùgbọ́n kí n má fi pamọ́ pé ọ̀gá iléèwé ni òun kí òun tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Èkìtì ni, Ire-Akari, nítòsí ilé ìwòsàn wa, ló ń gbé. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni kò ti wọ yàrá wọn mọ́. Orí àga ní pálọ̀ ló ń sùn, lórí ìjókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Ó sì ní àtọ̀gbẹ, dókítà ti kìlọ̀ pé bí kò bá máa na ara lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ yẹn lè di egbò, egbò náà kò sì ní rọrùn láti jiná. Fọlákẹ́ ní kí àwọn gbé bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀. Bàbá ní pálọ̀ kì í ṣe ibi tí a ń gbé bẹ́ẹ̀dì sí.

Mo bi í pé, "Kí ló wà nínú yàrá yẹn, sà?"

Bàbá gbọ́wọ́ sókè. "Ọmọ mi, Olúwa á bá ẹ tún ilé rẹ ṣe."

Mo ní àmín.

"Àwọn ọmọ rẹ á yàn, wọ́n á yanjú."

Ta ló máa dá àgbàlagbà dúró lórí àdúrà? Mo kúrò lórí àga, mo kúnlẹ̀. Àdúrà dé orí ọkọ mi, ó dé orí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó yà sí ìlú mi ní Ìjẹ̀bú, ó sì kárí àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí, aago ti sọ pé àsìkò tó. Bàbá ní ara tu òun. Ó dìde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ.

Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Oríṣiríṣi ọ̀nà ni mo gbà bi í ní ìbéèrè kan náà, gbogbo wọn ló já sí àdúrà. Èmi ń gba ìbùkún, ẹsẹ̀ Bàbá ń wú sí i. Mo lọ sọ fún Àǹtí Mojí pé Bàbá ń fi àdúrà sá fún mi.

"Ìwọ ńkọ́, kí lò ń fi àmín ṣe?"

"Mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni, mà."

"Lọ bá Ṣẹ́gun tó ń ṣe iṣẹ́ wa yìí ní Òkè-Àfà. Lónìí, mi ò bẹ̀ ẹ́."

Ṣẹ́gun fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àkọ́bí mi lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí n jókòó. Mo yẹ yàrá rẹ̀ wò. Ó gbé àga dáadáa, ṣùgbọ́n aago rẹ̀ wálẹ̀ jù. Mo sọ fún un. Ó dúpẹ́. Mo béèrè bóyá màmá rẹ̀ wà láyé.

"Wọ́n wà, mà. Màmá tiyín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Nígbà tí wọ́n kú, mà, ta ló tọ́jú yín?"

Mo ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí màmá tìrẹ pẹ́ fún ẹ."

"Àmín, mà. Ta ló tọ́jú yín?"

"Wàá fẹ́ ìyàwó tó máa tù ẹ́ lára."

"Àmín, mà. Ta ni, mà?"

Ọwọ́ mi ti wà lókè. Mo wò ó, mo sì rọra gbé e sílẹ̀. Àdúrà tí mò ń gbà kì í ṣe irọ́, mo fẹ́ kó rí ìyàwó tó dáa fẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀yìn àdúrà náà ni mo sá pamọ́ sí, mi ò sì mọ̀ nígbà tí mò ń lọ síbẹ̀. Bàbá Fọlákẹ́ náà kò mọ̀.

"Kò sẹ́nì kankan," ni mo wí. Èmi ni àkọ́bí. Èmi ni mò ń tu àwọn àbúrò mi nínú, èmi náà ni mò ń wá ẹni tó máa dáná fún àlejò. Mo sunkún. Ṣẹ́gun kò na tíṣù sí mi, mo sì gbà pé ó mọṣẹ́.

Nígbà tí mo padà lọ bá a, a dé ìdí ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí màmá mi ti kú, kò sí àgbàlagbà tó ń pè mí ní ọmọ, tó ń ṣàdúrà fún mi títí tí orúnkún á fi máa ro mí, àfi Bàbá Fọlákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tètè kúnlẹ̀. Èmi ni mò ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó wá gba ìtọ́jú. Kò sí èyí tí mo rí nínú gbogbo ìwé tí mo rà ní Bọ́ládé, torí pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mò ń wá nínú wọn.

Nígbà tí Bàbá tún dé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì lọ jókòó. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sókè.

"Olúwa á dá ẹ sí fún àwọn ọmọ rẹ."

"Àmín, sà. Kí ló wà nínú yàrá yẹn?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. "Ṣé o ò gbọ́ àdúrà tí mò ń gbà ni?"

"Mo gbọ́, sà. Mo ti ṣe àmín. Kí ló wà níbẹ̀?"

Ó yíjú sí fèrèsé. Ó wù mí gan-an kó bẹ̀rẹ̀ àdúrà míràn.

"Màmá Fọlákẹ́ ló máa ń jí mi fún àdúrà àárọ̀," ó ní. "Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo máa jí, ilẹ̀ ti mọ́. Mo bá a wí. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ kí n sùn kọjá àkókò. Mo bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé wí. Mo ti wọ bàtà tán kí n tó fọwọ́ kàn án."

"Ká ní ẹ mọ̀ pé wọ́n ti lọ, sà, kí lẹ̀ bá sọ?"

"Ǹ bá bi í bóyá ó sùn dáadáa."

Ó ṣì ń wá, èmi náà sì ń lọ sọ́dọ̀ Ṣẹ́gun. Bí àwọn ará àdúgbò bá bi mí pé kí ló ń ṣe mí tí mo fi ń lọ síbẹ̀, mo máa ń ní ìtọ́jú ń lọ lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fọlákẹ́ pè mí lórí fóònù.

"Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Ó ti ń lọ sílẹ̀, mà. Kò tíì lọ tán."

"Oorun ńkọ́?"

"Wọ́n sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá yẹn láàárín ọ̀sẹ̀, mà. Òru mẹ́ta. Àwọn tó kù, orí àga ni."

Mo ní kó tún un sọ.

"Mẹ́ta, mà."