Imọ̀ Ọ̀pẹ Tó Wà Lókè Ilẹ̀kùn Mi

Ó ti rẹ̀ mí kí àwẹ̀ Lẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ìyá mi kú lẹ́yìn Kérésì, a sin ín sí Aládé, kí n sì tó ráyè sunkún, ilé-ìwé ti wọlé. Oòrùn á pa àpáta tó wà lẹ́yìn kíláàsì wa láti àárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ooru rẹ̀ á wá bá wa nínú ilé. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ, àmọ́ bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú ni.

Ilé-ìwé Kátólíìkì ni tiwa. Àwa fúnra wa la máa ń sun eérú tí Fáda fi ń sàmì síwájú orí wa lọ́jọ́ tí àwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n gbàdúrà sí lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ọdún tó kọjá, tó ti gbẹ lára ògiri ilé kálukú, la fi ń sun ún. Ọ̀gá wa obìnrin kéde pé kí àwọn ọmọ mú imọ̀ ọ̀pẹ wá, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n. Tútù yọ̀yọ̀ ni wọ́n gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láti oko kòkó bàbá wọn, inú wọn sì ń dùn. A ṣáná sí i títí, èéfín nìkan ló ń rú.

"Fáda ti kúrò l'Ákùúrẹ́ o," ọ̀gá wa ní, ó ń wúkọ́. "Tíṣà, ṣé ẹ ò ní gbígbẹ nílé ni?"

Àwọn tíṣà yòókù ò gbé Ìdànrè, ilé àwọn ọmọ sì jìnnà. Èmi nìkan nilé mi wà lẹ́yìn ọgbà.

Mo ní ọ̀kan. Ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún bí àgbélébùú, tó gun àga láti fi í kọ́ sókè ilẹ̀kùn mi, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀kalẹ̀. Èyí ló hun kẹ́yìn kó tó kú.

Mo délé, mo jókòó sórí àga yẹn kan náà. Inú bí mi sí ọ̀gá wa, ó bí mi sí ìyá mi pàápàá tó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àárẹ̀ yìí. Àmọ́ àwọn ọmọ wà lórí ìlà nínú oòrùn. Ìyá mi ì bá ti yọ ọ́ fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Mo gun àga, mo yọ ọ́.

Kò pẹ́ rárá tó fi jó tán. Eérú rẹ̀ ò kún àwo kékeré kan. Nígbà tí Fáda dé, ó ń fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kárí gbogbo wa.

Lọ́sàn-án, òógùn bo ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi, ló bá fẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ nù ún. Ó wò mí tìyanutìyanu.

"Ànńtí, ṣebí eérú ni."

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹkún ló jáde.