Máàkì Kan Lórí Ọ̀rọ̀ Òòrùn

Bí Tíṣà bá ń kọ́ni, adìyẹ ojúlé kẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni baba olóhùn gooro yìí fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé iná ńlá ni òòrùn, pé ó ń jó bí iná igi. Á máa sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló ṣáná sí i.

Oṣù tó kọjá ló ka ìwé tuntun kan, ló bá jókòó wọ̀ọ̀. Iná kọ́! Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní haidirójìn ló kún inú òòrùn. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, ooru àti ìwúwo pọ̀ débi pé àwọn ẹyọ tíntìntín inú afẹ́fẹ́ náà ń wọnú ara wọn: mẹ́rin á di ẹyọ kan ṣoṣo, wọ́n á sọ ìyẹn ní hílíọ́ọ̀mù. Ẹyọ kan yìí fúyẹ́ díẹ̀ ju mẹ́rin ìṣáájú lọ. Díẹ̀ tó dín yẹn ló ń di ìmọ́lẹ̀ àti ooru tí à ń yá.

Ojú ẹsẹ̀ ló rántí ọmọbìnrin kan tó kọ ọ́ sínú ìdánwò àṣekágbá pé, "Kò lè jẹ́ iná. Igi wo ló ń jó tí kò tíì tán?" Òdo ni Tíṣà fún un. Máàkì kan péré ni kò jẹ́ kí ọmọ náà wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bàbá rẹ̀ sì fà á lé aránṣọ lọ́wọ́.

Òun náà ló wá ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní òpópó kejì. Tíṣà wọlé tọ̀ ọ́ lọ́sàn-án.

"Ẹ káàsán sà! Ṣé aṣọ ni, àbí ẹ tún wá fa etí mi?"

"Ọmọ mi, ìdáhùn rẹ ọjọ́ yẹn tọ̀nà. Èmi ni mo ṣìnà." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un.

Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró lórí maṣíìnì. "Ẹ̀yin, Tíṣà? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe àṣìṣe àfi tí ẹ bá ń sùn?"

"Màá kọ̀wé sí àwọn olùdánwò. Wọn á dá máàkì rẹ padà."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀, omi sì dà lójú rẹ̀. "Mo ti pé ọdún méjìdínlógójì, sà. Ẹgbẹ́ mi kan ti di dókítà. Èmi ni mò ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kúrú. Kí ni kí n fi máàkì kan ṣe? Kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ oníbàárà?"

Ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí Tíṣà.

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ńkọ́? Kí lẹ máa sọ fún wọn?"

Ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ìwé ìdáhùn tí wọ́n fi ń ṣe máàkì ìdánwò kò tíì yí padà. "Iná" ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ti bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí, ọ̀gá ní kó lọ máa kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní òótọ́ nílé.

"Wọn ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Obìnrin náà fa aṣọ tó ń rán sún mọ́ra. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tíṣà dúró níwájú ọmọ mẹ́rìndínlógójì tí ìdánwò wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó: Iná ńlá ni òòrùn. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè lẹ́yìn. Tíṣà rí i. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ní kí gbogbo wọn kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.