Yàrá Ìkàwé tí Wọ́n Kọ́ fún Ìdínkù Owó Orí

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Òṣogbo lọ ṣe tíṣà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìwàrà. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó orí sì ń ga sí i. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi. Kí wọ́n tó yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ̀, wọ́n máa ń ro ti àwa ọmọ rẹ̀, wọ́n á sì dín in kù. Àgbẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́jọ kò rí irú rẹ̀ gbà.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kíláàsì mi ń jókòó. Bí wọ́n bá fẹ́ sìnkú, a ó kó síléètì wa, a ó lọ sílé. Káfíńtà kan, tí ọmọbìnrin rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ti ń rò ó láti mú ọmọ náà kúrò.

Ó ní, “Tíṣà, ọmọ tẹ́ ẹ ń kọ́ lónìí, tẹ́ ẹ ń lé wálé lọ́la, kó kúkú máa bá ìyá rẹ̀ lọ sóko.”

Nígbà náà ni ọ̀gá kan tí ìjọba rán wá dúró níwájú gbogbo abúlé. Ó ní ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá wọn kọ́ yàrá ìkàwé, owó orí rẹ̀ yóò dín kù lọ́dún náà. Ìjọba yóò sì kó páànù wá. Káfíńtà náà yíjú sí mi.

“Bí ìyẹn bá ṣẹ, Tíṣà, ọmọ yín nìyẹn. Ẹ máa kọ́ ọ lọ.”

Àwọn ọkùnrin abúlé ń po amọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sóko, wọ́n tún ń pò ó nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ògiri dúró, ọ̀gá náà wá wò ó, ó yìn wọ́n, ó ní kí wọ́n tètè kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì fi irin tó ń tì í láti ìta sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé ilẹ̀kùn ló ń bèèrè, kì í ṣe òrùlé. Mo rò pé nítorí olè ni. Káfíńtà náà kàn án dáadáa.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn akódà dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo ọkùnrin tí kò ní rìsíìtì owó orí ni wọ́n mú. Àwọn tó ń dúró de ìdínkù ni kò tíì san. Inú yàrá ìkàwé wa ni wọ́n tì wọ́n mọ́, nínú oòrùn, láìsí òrùlé.

Àwọn ọmọ mi dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo bàbá wọn. Ẹnì kan ké láti inú lọ́hùn-ún pé, “Tíṣà, ẹ pè wá lórúkọ o! Àwa la kọ́kọ́ wọ kíláàsì!”

Bàbá àgbàlagbà kan dáhùn pé, “Òṣómàáló nìjọba yìí. Àmọ́ òṣómàáló á kọ́kọ́ ta aṣọ fún ọ láwìn ná, kó tó wá lóṣòó sí ẹ lẹ́nu ọ̀nà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Mo lọ bá ọ̀gá náà. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, níṣojú mi lẹ ṣèlérí.”

“Mo ní a ó gbé e yẹ̀wò ni, Tíṣà.”

Kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Páànù ńkọ́, sà?”

“Wọ́n ti lò ó ní Iléṣà.”

Mo lọ wò ó lópin oṣù. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ní òrùlé àti sílíìnì ni wọ́n kó o fún. Àtíbàbà tí àwọn tíṣà ń gbé kẹ̀kẹ́ sí ni wọ́n fi bò.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí san owó tí wọ́n sì tú wọn sílẹ̀, káfíńtà náà, tó wà lára wọn, tú ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbé e rù.

“Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọmọ mi ò ní kàwé nínú túbú.”

Òjò ọdún náà wó ògiri yẹn. Bí ọmọbìnrin káfíńtà náà bá ru igi bọ̀ láti oko, tó bá pàdé mi, á kúnlẹ̀, á bi mí pé, “Tíṣà, ibo lẹ bá wọn kàwé dé?”

Mo ṣì ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àgbẹ̀ ìgbà náà kò fẹ́ san owó orí, kò sì fẹ́ kí ọmọ kàwé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n: bí wọ́n bá tún ṣe irú ìlérí yìí fún yín, ẹ jẹ́ kí páànù kọ́kọ́ dé kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn.