Ìtàn Tí Mi Ò Tíì Parí

Bí mo bá ti ń fi àdí àgbọn pa ọmọ tuntun lára báyìí, òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi padà sí kíláàsì wa létí ọ̀sà Àgbádárìgì.

Ní ọ̀sán Ẹtì, Tísà máa ń ní kí kálukú sọ ìtàn ilé wọn, kó lè kọ iṣẹ́ tó yẹ wọ́n sára pátákó. Ó ti kọ “aránṣọ” síwájú orúkọ àwa obìnrin kí a tó lanu.

Nígbà tó kàn mí, mo sọ bí ìyá àgbà mi ṣe gbẹ̀bí obìnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi, lọ́nà Ìkógà, tí òjò ń pa wọ́n.

“Jókòó,” ni Tísà wí. “Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.”

Mo rí pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, mi ò jókòó.

“Sà, ìtàn mi ò tíì parí. Ìyá ọmọ náà ò kú.”

Tísà yíjú sí pátákó. Ó nu “aránṣọ” mi nù, ó kọ “agbẹ̀bí”, ó sì jáde lọ dúró sábẹ́ igi àgbọn tó wà níta kíláàsì.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó Tísà kú sí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ní kí n jókòó látìgbà náà. Mi ò tíì jókòó.