Ọpẹ́ Kì í Pọn Omi Kún Àmù

Kí n tó sọ ohunkóhun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó dá omi kó tó dá òùngbẹ. Òun ló jẹ́ kí n mọ ìwé kà ní ilé-kéwú kékeré tó wà lẹ́yìn mọ́sáláṣí wa ní Ìkirè, Òun ló sì jẹ́ kí àwọn òbí mi fi mí sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn wa dá sílẹ̀, níbi tí mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Mo dúpẹ́, n kò sì ní í yé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà ló dá ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń bójú tó àwọn kànga ẹ̀rọ ní Ìkirè àti Àpòmù. Èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Bí kànga kan bá bàjẹ́, àwọn ará àdúgbò á pè wá lórí fóònù, n ó sì kọ àròyé wọn sínú ìwé àròyé kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àròyé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tí kò tíì yanjú, a ó fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Èyí tó bá ti yanjú, a ó pa á dé. Akọ̀wé ẹgbẹ́, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ló máa ń pe àwọn èèyàn padà láti mọ ibi tí nǹkan dé. Òun náà ló ń pa àròyé dé.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn àlejò kan láti ìlú mìíràn fẹ́ bá wa tún àwọn kànga náà ṣe. Wọ́n ní kí a kó gbogbo àròyé jọ sínú fáìlì kan, àwọn ń bọ̀ wá gbà á ní Ọjọ́bọ̀. Kànga tí àwọn kò bá rí nínú fáìlì, àwọn kò ní í dé ibẹ̀. Akọ̀wé ní kí n máa dà wọ́n kọ sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní rárá, irinṣẹ́ kan wà tó lè kó wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Irinṣẹ́ náà kò lẹ́wà. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnì. Ojú dúdú lásán ni. Ìwọ lo máa kọ àṣẹ sí i, yóò sì dá ọ lóhùn. Kó tó lè ṣiṣẹ́, ó ní fáìlì kékeré kan tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò fún un: ibi tí ìwé àròyé wà, kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi wọlé, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan, irú àròyé tí yóò kó, àti ibi tí yóò kó wọn sí. Mo tò ó, mo tẹ àṣẹ. Akọ̀wé jókòó síwájú mi ní ọ́fíìsì wa ní Ìkirè, ó ń jẹ dòdò láti inú ewé.

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun kò mọ̀ mí, sà."

"N kò bá a wí. Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ mú bíírò, ẹ jẹ́ ká máa kọ ọ́."

Nígbà tí mo wò ó dáadáa, àlàfo kan ṣoṣo ló ti lẹ̀ mọ́ ìdí kọ́kọ́rọ́ náà nígbà tí mo dà á kọ. Ní ilé-kéwú, bí àmì kan bá ṣí kúrò lórí háráfí, ààfáà wa á ní kí o fọ wàláà rẹ kí o tún un kọ látòkè. N kò sunkún nídìí wàláà, ẹ̀rọ ni yóò wá pa mí lẹ́kún? Mo pa àlàfo náà rẹ́, mo ní Bísímílà, mo tún un tẹ̀. Àròyé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Mo ṣí fáìlì náà. Ìkirè wà níbẹ̀, àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò. Àpòmù kò sí. Kò sí ẹyọ kan.

"Ṣé ẹ rí i?" Akọ̀wé nu ọwọ́. "Àpòmù kò ní wàhálà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n."

Ṣùgbọ́n Àpòmù ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé. Kànga ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ti dákẹ́ láti ìgbà tí ààwẹ̀ kò tíì wọlé. Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, odò ló ń lọ. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ àròyé rẹ̀ sílẹ̀. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ bá a. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá, ṣé wọn kò pè yín láti ẹgbẹ́ wa ni?"

"Wọ́n pè mí. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ṣé dáadáa ni. Mo ní alihamudulilahi, a dúpẹ́."

"Ẹ ò wá sọ fún un pé omi kò yọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. "Ẹni tí a kò tíì kí ara wa tán? Mo ṣì fẹ́ bi í léèrè ìyàwó àtọmọ kí n tó dé orí omi. Ó ti gé fóònù."

Ta ni nínú wa tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Òrùlé rẹ lè ti ṣí lọ. Bí wọ́n bá ní báwo ni, ọpẹ́ lo máa kọ́kọ́ fi dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yóò dúró. Ọmọ Ìkirè ni akọ̀wé, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju èmi lọ.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ṣí fáìlì tí mo tò fún irinṣẹ́ náà, mo ń kà á bí ẹni ń ka súrà tuntun. Mo rí i. Níbi irú àròyé tí yóò kó, àwọn tó ṣe irinṣẹ́ náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé kó máa kó èyí tó wà ní ṣíṣí nìkan. N kò fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ohun tí wọ́n ti tò fúnni ti pé. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo yí i padà pé kó kó gbogbo rẹ̀, èyí tó ṣí àti èyí tí a ti pa dé.

Àpòmù jáde. Mọ́kànlá ni wọ́n. Gbólóhùn kan náà ni akọ̀wé kọ sábẹ́ gbogbo wọn: "A ti pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e fún un. Ó kà á, dòdò kò wù ú jẹ mọ́.

"Ẹ yọ wọ́n kúrò. Mo ti pa wọ́n dé."

"Nínú mọ́kànlá yìí, sà, èwo lẹ lọ wò?"

"Ẹ fẹ́ tú mi síta lójú àlejò? Èmi tí mo lè bí yín!"

"Mo bọ̀wọ̀ fún yín, sà. N kò ní í yọ wọ́n."

"Ó dáa. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ yín sílẹ̀ lónìí."

Mo kúnlẹ̀, mo kí i bó ṣe yẹ kí ọmọ kí bàbá. Mo kọ kọ́kọ́rọ́ náà sórí ìwé, mo fi í síwájú rẹ̀. Mo sì mú bébà mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò pè mí sí ìpàdé. Mo lọ. Nígbà tí akọ̀wé sọ fún àwọn àlejò pé àlàáfíà ni Àpòmù wà, mo dìde, mo ka mọ́kànlá náà sí wọn létí, pẹ̀lú gbólóhùn tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò bi í pé, "Bàbá, èwo lẹ fojú yín rí?" Ó ní òun fetí òun gbọ́ ọpẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ Àpòmù mọ́ ibi tí wọn yóò dé.

N kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà mọ́. Àwọn kan ń pè mí ní alágídí. Wọ́n ní ẹni tó ń dúpẹ́ kì í ráhùn. N kò gbà. Mo ń dúpẹ́, mo sì ń ráhùn, Ọlọ́run tó ń gbọ́ ti àkọ́kọ́ ń gbọ́ ti ìkejì. Bí wọ́n bá dá kọ́kọ́rọ́ yẹn padà fún mi lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe to fáìlì irinṣẹ́ náà.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kúrò ní Àpòmù, mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

"Ìyá, ṣé omi ń yọ?"

"Alihamudulilahi."

N kò gé fóònù. Ó bi mí léèrè ọkọ mi. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ, àti ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Mo dá a lóhùn, mo dúró.

"Ó ń yọ," ló wá wí. "Ó tutù. Wá mu nínú rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́run má fi òùngbẹ dán yín wò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní àròyé, kí Ó jẹ́ kí ẹni tó pè yín ní sùúrù títí ẹ ó fi kí i tán. Àmín.